Ìwádìí Ìyá Àpòmù ní Takaṣima

Gbogbo ẹbí ló ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó Humairah tán, ó ku Ìyá Àpòmù. Ẹni tó bá sì mọ ilé Ìsmáílà, bàbá Humairah, ní Ìkirè dáadáa á mọ̀ pé bó bá ti ku Ìyá Àpòmù, gbogbo rẹ̀ ló kù. Fáìsátù lorúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Ìsmáílà ni, Àpòmù ló kọ́lé sí, ṣùgbọ́n kò sí ìyàwó tó wọ agbo ilé náà, kò sì sí ọmọbìnrin tó jáde níbẹ̀ lọ sílé ọkọ, tí kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀ Ìsmáílà lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ti ṣe àdúà, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì, àwọn kan tiẹ̀ ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò se ìrẹsì. Ìyá Àpòmù ò bá wọn dá sí i. Ó jẹ́ kí ariwo wọn lọ sílẹ̀ ná, ó wá ní:

"Ta ni nínú yín ló ti dé ibi tí ọmọkùnrin náà ń sùn?"

Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó débẹ̀ rí.

Ọmọkùnrin tí à ń wí yìí ni Rùfáì, ọmọ Orílẹ̀-Òwu tó ti wà ní Jàpáàn láti ọdún mélòó kan. Ìyá Àpòmù ti lọ sí Orílẹ̀-Òwu fúnra rẹ̀. Ó ti wọlé bàbá Rùfáì, ó ti yà sí ilé tó kọjú sí i, ó sì ti dọ́gbọ́n ra ata lọ́wọ́ obìnrin ẹ̀yìnkùlé wọn kó lè rí i bá tàkúrọ̀sọ. Kò sí wèrè nínú ìdílé náà, kò sí olè, ọkùnrin wọn kì í lu ìyàwó. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n lójú Ìyá Àpòmù, ìdajì ìwádìí nìyẹn. Nílé tiwọn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fojú rí ilé tí ọmọ ń lọ gan-an, kó wo kànga ibẹ̀, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò bóyá èèyàn gidi ni ọkọ tàbí aṣọ lásán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Jàpáàn ni o," Ìsmáílà ní. "Kì í ṣe Gbọ̀ngán."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe Gbọ̀ngán. Àbíjàn tí wọ́n fi èmi ránṣẹ́ sí náà, kì í ṣe Gbọ̀ngán. Kò sẹ́ni tó bá mi débẹ̀ wo nǹkan kan. Wọ́n ní oníṣòwò ni ọkọ, wọ́n ní ó nílé. Mo débẹ̀, mo bá ìyàwó méjì nínú yàrá kan, èmi ṣìkẹta wọn." Ó wo gbogbo wọn yí ká. "Ojú mi rí màbo. Kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kankan nínú ilé yìí níṣojú mi."

Ìsmáílà tẹrí ba. Ìyá Humairah bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ìbora tí kò sẹ́ni tó ní kó ká. Humairah, tó ti kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti ìgbà tí wọ́n ti pè é wọlé, ló gbórí sókè.

"Ìyá Àpòmù, ẹ óò ṣe ìwádìí náà mà. Ẹ̀yin gan-an."

"Bàálù wo ni n óò wọ̀?"

"Fóònù ni. Rùfáì á gbé e rìn káàkiri, ẹ̀yin lẹ óò máa sọ ibi tí yóò yà sí. Ilẹ̀kùn aládùúgbò tó bá wù yín ni kó kàn."

"Aládùúgbò náà á wá bá mi sọ Yorùbá?"

"Èdè Jàpáàn ni wọ́n á sọ mà."

"Rùfáì á sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi." Ìyá Àpòmù pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò ríran! Ẹni tí à ń wádìí ló tún máa sọ ohun tí ẹlẹ́rìí wí. Ẹ kúkú ní kó dá ara rẹ̀ láre, ká máa lọ sílé."

"Kì í ṣe òun. Èmi ni n óò túmọ̀."

Ẹ̀rín bú gbàù. Ìyá Humairah nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tó ti ń já a láyà láti ọdún tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e ni. Ọmọ rẹ̀, tíṣà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, tí orí rẹ̀ pé, dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀. Bó bá ń gbálẹ̀, á máa wí nǹkan lábẹ́nu. Bó bá ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa wí. Lọ́jọ́ kan ló bá a tó kọjú sí ògiri, tó ń tẹrí ba fún ògiri náà. Ìyá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gba ọ̀dọ̀ Àfáà lọ, ó gba omi àdúà wá, ó sì ń rọra bù ú sínú ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀ kí jìnnì náà lè lọ. Humairah mu omi àdúà yó, kò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ Jàpáàn kan.

Lórí fóònù ló ti kọ́ ọ. Rùfáì ti sọ fún un pé ìlú tí òun ń gbé kì í ṣe ìlú ńlá, èdè òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀. Humairah sì ti pinnu lọ́jọ́ náà pé òun ò ní wọ ilé ọkọ bí odi. Ó ṣòro fún un. Àwọn ìgbà kan wà tó sunkún lórí ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á tún gbé e.

"Ìwọ náà ń fẹ́ ẹ," Ìyá Àpòmù sọ fún un. "Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó ń fẹ́ ọkùnrin kì í gbọ́ aburú rẹ̀?"

"Ohun tí mo bá gbọ́ ni n óò sọ. Bó dùn, bó korò."

"Bí o bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́ fún mi ńkọ́?"

"Ẹ ò ní mọ̀ mà. Èmi ni n óò mọ̀."

Ìyá Àpòmù wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí wọ́n wá sí ọ̀dọ̀ òun ní Àpòmù lọ́jọ́ Àìkú.

Àárọ̀ ni wọ́n pe Rùfáì, torí ọ̀sán ti ń rọ̀ níbi tó wà. Fáráńdà Ìyá Àpòmù ni wọ́n jókòó sí. Kòkó tí wọ́n sá kún àgbàlá, Ìsmáílà sì ń fi ẹsẹ̀ tú u ká, nítorí ọkùnrin náà ò lè jókòó lásán bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Humairah gbé fóònù ti agolo mílíìkì kan. Ìyá Àpòmù sún àga rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà!" Rùfáì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà níbẹ̀. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ọ̀run nìkan ni wọ́n rí fún ìgbà díẹ̀.

"Dìde, má fi ìdọ̀bálẹ̀ dí mi lójú. Fi ìlú hàn mí."

Ó gbé fóònù sókè. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ rí, omi tó tẹ́ lọ rẹrẹ títí tó fi wọnú ìkùukùu.

"Òkun nìyẹn?"

"Rárá mà, adágún ni. Biwa ni wọ́n ń pè é. Kò níyọ̀ rárá. Òun ló tóbi jù ní gbogbo Jàpáàn."

Ó yí fóònù sí òdìkejì. Òkè ni, òkè tún wà lẹ́yìn òkè, igi sì bò wọ́n láti ìdí dé orí, igi gíga tó dúdú minimini. Láàárín omi àti òkè ni àwọn ilé wà, pẹ̀lú oko ìrẹsì tí wọ́n ti kórè rẹ̀, ọ̀nà ọ̀dà tóóró, àti ọkọ̀ ojú irin kan tó ń sáré kọjá lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ìlú wá dà?"

"Ìlú rèé mà. Takaṣima nìyí. Àárín yìí ló wà."

Ìyá Àpòmù bojú wo Ìsmáílà. Ní tirẹ̀, ìlú ló máa ń lé igbó sẹ́yìn. Níbi tí igbó bá ti ń yọjú wo èèyàn láti fèrèsé, ahoro ni. "Ṣé kì í ṣe oko ni ọmọ yìí wà, tó ń pè é nílùú fún wa?"

Rùfáì gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà tètè kúrò lẹ́nu rẹ̀, Humairah sì kíyè sí i. Kò mọ ohun tó fà á.

Ìyá Àpòmù ní òun fẹ́ aládùúgbò wàyí. Rùfáì ní ọ̀dọ́kùnrin kan wà lápá ọ̀tún, èèyàn dáadáa. Ìyá Àpòmù ní rárá, arúgbó ni òun ń wá, torí arúgbó kì í bẹ̀rù àtisọ ohun tójú rẹ̀ rí. Arúgbó tó wà nítòsí, Ìyá Nakaniṣi ni, ògiri ilé rẹ̀ kan ti Rùfáì. Rùfáì kanlẹ̀kùn. Obìnrin kékeré kan jáde wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó dé fìlà òtútù. Rùfáì ṣàlàyé fún un, ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí Ìyá Àpòmù ṣe pàṣẹ pé kó dúró.

Humairah kí i lédè rẹ̀. Ẹnu arúgbó náà kò jọ ti àwọn olùkọ́ inú fóònù, ó ń gé ọ̀rọ̀ kù, ó ń fa àwọn mìíràn gùn, Humairah sì ní láti bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra sọ ọ́. Arúgbó náà rọra sọ ọ́.

Ìyá Àpòmù ní òun fẹ́ rí kànga. Ìyá Nakaniṣi mú wọn lọ sí yàrá òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Omi ń ru jáde nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń kún, ó ń dà sínú àmù òkúta kan, ibẹ̀ ló tún ti ń dà sínú kòtò omi tó gbòòrò, ẹja ńláńlá sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú kòtò náà.

"Kí lẹja ń wá nínú omi tí wọ́n ń mu?"

Humairah béèrè, ó fetí sílẹ̀ dáadáa. "Ó ní abẹ́ òkè yẹn ni omi náà ti ń wá. Ibi tó ti ń ru jáde ni wọ́n ti ń bu mímu. Wọ́n ń fọ ẹ̀fọ́ nínú àmù. Inú kòtò tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń ki ìkòkò bọ̀, ẹja á sì jẹ ìrẹsì tó kù lára rẹ̀. Ó ní omi tó bá kúrò lọ́dọ̀ òun, ilé Rùfáì ló ń lọ, láti ilé Rùfáì ó di ilé ẹlòmíì, títí tó fi dé adágún."

"Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́," Ìyá Àpòmù wí. Ó ronú díẹ̀. "Ìyẹn ni pé bí ẹnì kan bá ya ọ̀bùn, gbogbo wọn ló máa jìyà rẹ̀. Ó dáa. Bi í léèrè bóyá Rùfáì ń ba omi jẹ́ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀."

Humairah wo ìyá náà. Òun ì bá ti béèrè bóyá ó ń mutí, bóyá obìnrin ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ ìbéèrè náà, Ìyá Nakaniṣi sì rẹ́rìn-ín.

"Ó ní nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó da omi ọṣẹ sí i. Òun lọ bá a wí lójú ẹsẹ̀. Ó bẹ òun, kò sì dán an wò mọ́. Bí wọ́n bá ń kó koríko kúrò lójú omi, òun ló ń wọ ibi tó jìn, torí pé ara àwọn àgbà ò gbà á mọ́. Ó ní kò sí àárọ̀ tí kì í kí òun."

Ìyá Àpòmù mi orí. Ìsmáílà náà sún mọ́ fáráńdà. Ayọ̀ ti ń wọ Humairah lára.

"Iṣẹ́ ńkọ́? Bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe."

Èyí ò le, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ẹnjiníà ni Rùfáì, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò ló wà. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Orílẹ̀-Òwu, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìkirè. Humairah béèrè, Ìyá Nakaniṣi sì dáhùn, ó gùn, ó na ọwọ́ sí òkè, ó tún fi ọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Humairah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ, bóyá etí òun ni. Arúgbó náà tún un sọ.

Lẹ́yìn obìnrin náà, Rùfáì ti fọwọ́ bojú. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, Humairah ló wò. Èdè Jàpáàn ló fi bá a sọ̀rọ̀, wẹ́rẹ́: "Jọ̀ọ́. Má sọ ìyẹn."

Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ èdè náà ní gbogbo Àpòmù. Bí Humairah bá ní ẹnjiníà ni, ẹnjiníà ni. Wọ́n á so yìgì, á wọ bàálù, á dé ẹ̀bá adágún yẹn, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó dùn bí nǹkan míì. Inú sì bí i, torí pé irọ́ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wá ní kí òun bá wọn gbé e.

"Kí ló wí?" Ìyá Àpòmù béèrè.

"Ó ní ilé iṣẹ́ yẹn dín òṣìṣẹ́ kù lọ́dún tó kọjá, Rùfáì wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ. Ó ní láti ìgbà yẹn, igi gígé ló ń ṣe lórí òkè, nínú igbó. Ó máa ń gòkè kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní òtútù ti la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òun ló ń bá a fi òróró pa á." Ó kọjú sí Ìyá Àpòmù. "Rùfáì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ fún yín."

Ìsmáílà dá ẹsẹ̀ dúró lórí kòkó.

"Rùfáì," Ìyá Àpòmù pè é. "Wá síwájú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùnúnlẹ̀. Rùfáì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ojú ló tì mí. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹnjiníà ni mí."

"Ojú tì ọ́." Ohùn Ìyá Àpòmù rọlẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Humairah, gbé fóònù yẹn, jẹ́ kó rí àgbàlá. Ṣó o rí nǹkan tó wà nílẹ̀ yẹn, Rùfáì? Kòkó ni. Ṣó o rí ọkùnrin tó dúró lórí rẹ̀? Àdá ló fi rán ọmọ tó o fẹ́ fẹ́ yìí níwèé, nínú igbó. Àwa lo wá ń fi igbó pamọ́ fún? Kí lo fi wá pè?"

Rùfáì tún tẹrí ba níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tí n óò sọ," Humairah wí. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mi ò bínú igi gígé. Ǹ bá tẹ̀ lé agégi dé orí òkè yẹn. Ṣùgbọ́n mo fi gbogbo ọdún kan kọ́ èdè kí n má bàa wọ ilé rẹ bí odi, Rùfáì, ohun tó o sì kọ́kọ́ ní kí n fi ṣe ni pé kí n bá ọ purọ́ fún àwọn òbí mi. Wàá wálé. Wàá dúró níwájú bàbá rẹ ní Orílẹ̀-Òwu, wàá fi ẹnu ara rẹ sọ iṣẹ́ tó ò ń ṣe. Bí o ò bá lè sọ ọ́, mi ò ní fẹ́ ọ."

"N óò wá," Rùfáì wí. "Wallahi, n óò wá."

Ìyá Àpòmù ti na ọwọ́ láti pa fóònù. Ìgbà náà ni Ìyá Nakaniṣi, tó ti ń wo ojú gbogbo wọn láti ìgbà yìí wá, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Humairah gbọ́ ọ, kò túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ló tún wí?"

"Kò ṣe pàtàkì mà."

"O ti ṣèlérí o."

Humairah wolẹ̀. "Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun ti ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ní ìbéèrè. Ó ní ìyá Rùfáì ò sí níbẹ̀, òun ló ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ó ní ẹ ti bi òun léèrè nípa Rùfáì, òun náà fẹ́ bi yín nípa ọmọbìnrin tó ń bọ̀. Irú èèyàn wo ni?"

Ìyá Àpòmù mú ọwọ́ kúrò lára fóònù. Ó tún gèlè rẹ̀ dè, ó jókòó dáadáa. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń béèrè, kò sí ẹbí ọkọ kan tó tíì dá irú rẹ̀ padà fún un bẹ́ẹ̀.

"Obìnrin yìí mọ iṣẹ́," ó wí. "Sọ fún un pé olórí kunkun ni Humairah. Ibi tí wọ́n bá ní kó má jókòó sí, ibẹ̀ ni yóò tẹ́ ẹní sí."

Humairah túmọ̀ rẹ̀.

"Sọ fún un pé ó máa ń jó ọbẹ̀."

"Ìyá Àpòmù!"

"Túmọ̀ rẹ̀."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Nakaniṣi ń mi orí pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, bí ẹni tó ń gba oògùn àti bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Sọ fún un pé kì í purọ́." Ìyá Àpòmù kò wo fóònù mọ́, Humairah ló ń wò. "Pé lónìí, irọ́ kékeré kan ló kù kó fi gba ohun tó ń wá, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀ nínú gbogbo wa, kò pa á. Sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọmọ fọ́kọ, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Pé mo fẹ́ràn rẹ̀."

Ìyá Àpòmù ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Omijé dé ojú Humairah. Kò sí bó ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ Jàpáàn náà bí ẹni tó ń wá owó nínú òkùnkùn. Nígbà tó parí, arúgbó náà fèsì.

"Ó ní yìnyín máa ń pọ̀ níbẹ̀ nígbà òtútù, olórí kunkun ló máa ń là á já."

"Òótọ́ ló sọ. Wàyí, sọ fún un pé bí Rùfáì bá wálé tó ṣe ohun tó o ní kó ṣe, a ó so yìgì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Rùfáì la fi ọ́ fún. Ìyá yìí la fi ọ́ fún."

Humairah sọ ọ́. Ìyá Nakaniṣi ṣí fìlà òtútù rẹ̀, ó gbé fóònù sórí etí àmù òkúta, ó sì tẹrí ba títí tó fi jẹ́ pé irun funfun orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí.

Ìyá Àpòmù dìde lórí àga. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sí fáráńdà níwájú fóònù.

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ mà," ó wí, kò sì dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.